Ta Ló Mọ̀ Pé Ọmọ Yóò Kọjá Níbẹ̀? Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Atẹ̀wéjáde Ìwé Yorùbá fún Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin olóòtú àti atẹ̀wéjáde wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. A mọ iye tí bébà ń jẹ lásìkò yìí, a sì mọ̀ pé ẹni tó bá ṣì ń tẹ ìwé ìtàn Yorùbá fún ọmọ ọdún 13 sí 18, ìfẹ́ èdè ló ń bá a ṣiṣẹ́ ju èrè lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ lẹ́tà yìí ní gbangba, kí ẹ̀yin kà á, kí àwọn òǹkọ̀wé tí ń kó iṣẹ́ wọn wá fún yín náà lè bá yín kà á.

Ìtàn tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá kiri báyìí ni ìtàn ajínigbé àti agbésùmọ̀mí: ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n kó wọ igbó, òbí tí ń ta ilẹ̀ kó lè rówó san, àti ará ilé tó jẹ́ pé òun gan-an ló ta ọmọ náà. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Inú ìròyìn yìí ni wọ́n dàgbà sí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ ti tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Bí a kò bá kọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá, èdè mìíràn ni wọn yóò ti kà á, ẹ̀rù tí wọ́n ń gbé sùn kò sì ní ní orúkọ ní èdè ìyá wọn.

Ẹyọ ẹ̀bẹ̀ kan la mú wá. Ẹ má ṣe gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé títí òǹkọ̀wé rẹ̀ yóò fi lè sọ fún yín, láìwo ojú ìwé kankan: ta ló mọ̀ pé ọmọ yóò kọjá níbẹ̀? Ìgbà wo ló mọ̀ ọ́n? Ẹnu ta ló ti gbọ́ ọ, ta ni òun náà sì sọ ọ́ fún? Bí kò bá rí i sọ, ẹ dá iṣẹ́ náà padà fún un, bó ti wù kí ìbọn tó ń dún nínú rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìjínigbé kì í bẹ̀rẹ̀ nínú igbó. Ẹni tí yóò lúgọ de ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́, ó gbọ́dọ̀ mọ wákàtí, ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà, ó sì gbọ́dọ̀ ní òye iye tí ìdílé náà lè rí kó jọ. Igbó kò mọ ìkankan nínú rẹ̀. Ilé ló mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà tó sọ pé bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, kò sọ ọ́ ní àsọdùn.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìjínigbé ló nílò ọ̀dàlẹ̀, ibẹ̀ sì ni kí olóòtú ti kọ́kọ́ la ojú. Ọkọ̀ ilé-ìwé tí wọ́n dá lọ́nà ní Èmùré-Èkìtì ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn ọmọ tó ń relé lẹ́yìn ìwé ló kó. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ni wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sábà yí wákàtí padà. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́ta lè ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kàdúná tí wọ́n fi bọ́ǹbù dá dúró nítòsí Katari ní alẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, àkókò tó ń gbéra kì í ṣe àṣírí fún ẹnikẹ́ni. Èrò tí wọ́n kó lọ lé ní 60, àwọn 23 tó kẹ́yìn kò sì bọ́ títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá. Bí ìtàn bá gba irú ọ̀nà yìí, ọ̀dàlẹ̀ inú ilé kò níṣẹ́ kankan láti ṣe ní ti wákàtí. Nǹkan mìíràn ni kí ó tà: èwo nínú àwọn ọmọ inú ọkọ̀ ni òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ilẹ̀, nọ́ńbà ta ni kí wọ́n pè, ta ni nínú ìdílé tí ọkàn rẹ̀ kì í lè gba igbe ọmọ lórí fóònù. Òǹkọ̀wé tí kò bá ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ yóò kàn fi ọ̀dàlẹ̀ sínú ìwé bí ẹni fi iyọ̀ kún ọbẹ̀ tó ti níyọ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ṣe é ni kí ó fa ìlà sórí bébà ńlá. Lápá òsì, kí ó to orúkọ gbogbo ẹ̀dá ìtàn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lókè, kí ó to àwọn ọjọ́. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ohun tí ẹni náà mọ̀ lọ́jọ́ náà àti ẹni tó sọ ọ́ fún un. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wọlé lọ́jọ́ Ajé, 6,840,000 náírà. Lọ́jọ́ náà, ẹni mẹ́ta ló mọ iye rẹ̀: òun, ọkọ rẹ̀, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tó bá a lọ sí báǹkì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá kọ ọ́ sínú àwùjọ ìdílé lórí WhatsApp pé Ọlọ́run ti dá òun lóhùn. Ẹni 43 rí i kà, àmọ́ kò sí iye níbẹ̀. Lọ́jọ́rú, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 gbọ́ iye náà láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gbé ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e lọ.

Bí ohùn orí fóònù bá bèèrè 50 mílíọ̀nù, ó ń méfò ni. Bí ó bá bèèrè mílíọ̀nù mẹ́fà àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 840, ọ̀kan nínú ẹni mẹ́rin ló sọ ọ́ síta, ọmọ tó ń sọ ìtàn fún wa sì wà lára mẹ́rin náà. Ọ̀dọ́ tó ń kà á yóò pa ìwé dé díẹ̀, yóò máa ka ìka rẹ̀. Ìbọn kan kò tíì dún.

Ọ̀dàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ti ń já kulẹ̀. Wọn á dá bùrọ̀dá kan sílẹ̀ tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń wo àwọn ọmọ ní ìwòkuwò láti orí kìíní. Ẹni tí a kò fọkàn tán kò lè dalẹ̀ wa. Ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni àǹtí tó ń di irun fún ọmọ náà ní alẹ́ Àìkú, tó san owó ìdánwò WAEC rẹ̀ nígbà tí bàbá kò ní, tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé wà nítorí pé òun ló ń bá wọn tilẹ̀kùn. Ó kéré tán, kí oore mẹ́ta tí kì í ṣe ẹ̀tàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó mọ ohun tó ṣe, kí òótọ́ oore náà má sì tán lẹ́yìn tí a bá mọ̀ ọ́n.

Ìdalẹ̀ ní ìpele. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ẹnu tí kò ní ìdérí: ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́kùnrin, fún oníbàárà, fún ẹni tó ń bá a ṣe àjọ, láìní èrò ibi. Lẹ́yìn èyí ni ẹni tó gba nǹkan kékeré kó tó sọ̀rọ̀. Ìkẹyìn ni ẹni tó jókòó bá wọn pète. Ìtàn tó lágbára jù ni ti ẹni tó ń ṣí láti ìpele kan bọ́ sí èkejì. Ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni wọ́n fi 30,000 náírà ránṣẹ́ sí i. Nígbà tó fẹ́ yọwọ́, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, ẹ̀rí owó náà sì wà nínú báǹkì. Ohun tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n rí mú kò gbọdọ̀ jẹ́ ojúkòkòrò lásán. Gbèsè ni kí ẹ bi òǹkọ̀wé léèrè. Ṣé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni? Ṣé owó èlé ọjà ni? Tàbí àwọn ayánilówó orí fóònù, tó jẹ́ pé bí ọjọ́ bá pé tí ènìyàn kò san, wọn á fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀ pé olè ni? Ọmọ ọdún 16 tó ń gbé ìlú ńlá mọ ìyẹn dáadáa. Yóò yé e bí ojútì ṣe lè ti àgbàlagbà dé ibi tí ebi kò lè tì í dé.

Ọ̀rọ̀ ìpè náà ṣe pàtàkì. Ní èdè wa, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gba gbogbo ilé: ọmọ ìyá ẹni, ọmọ bàbá ẹni, ọmọ àbúrò bàbá ẹni. Kó máa rí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹ̀dá ìtàn, nítorí ìfọkàntán inú ìpè náà ni ọ̀dàlẹ̀ ń jẹ. Ṣùgbọ́n òǹkàwé gbọ́dọ̀ tètè mọ̀ bóyá ọmọ ìyá ni ẹni tí wọ́n ń pè ní àbúrò Dádì yìí, tàbí ọbàkan, tàbí ọmọ tí wọ́n gbà tọ́. Kí ọbàkan tàbí orogún má sì ṣe di ọ̀daràn kìkì nítorí pé ogún wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì pín.

Ẹ tún wo ẹni tí ìwé náà kọ́kọ́ di ẹ̀sùn rù. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni, tàbí mẹ́gáàdì, tàbí Fúlàní tó ń ta wàrà ládùúgbò, ó lè jẹ́ pé òun ló rọrùn láti fura sí, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí ní ilé. Kí ìfura náà wà. Àmọ́ kí òǹkọ̀wé má ṣe gbàgbé ẹni náà nígbà tí òtítọ́ bá jáde: owó oṣù tí wọ́n dá dúró, alẹ́ méjì tó sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọmọ ilé tí kò lè wo ojú rẹ̀ mọ́. Ìwé tó bá fi ẹ̀yà kan ṣe orúkọ ìwà ọ̀daràn ń gbìn ohun tí a ó jọ kórè.

Wòlíì, àlùfáà àti babaláwo lè wà níbẹ̀; ilé wo ni wọn kò sí? Kí ìyá gbààwẹ̀, kí ìyá àgbà lọ dífá. Kí ìran má kàn jẹ́ òun ló tú àṣírí, nítorí gbogbo ìlà tí a fà sórí bébà yóò di asán.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí fóònù, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn irú èyí ń gbé ní tòótọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, fóònù ẹni tí wọ́n gbé gan-an ni ìpè àkọ́kọ́ ti ń wọlé. Òǹkọ̀wé tó bá jẹ́ kí wọ́n máa pààrọ̀ síìmù bí ẹni pààrọ̀ aṣọ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti rí i, nítorí láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni ìjọba ti ní kí wọ́n dínà ìpè lórí ìlà tí kò bá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ẹnì kan ló forúkọ sílẹ̀ fún síìmù yẹn. Ta ni? Orí kan gbáko wà nínú ìbéèrè yìí.

Ní ilé, kí ohùn kan ṣoṣo máa sọ̀rọ̀. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ má ṣe jẹ́ ẹni tó ní àṣẹ lórí owó. Ìlànà ọlọ́pàá tí ń bá ajínigbé sọ̀rọ̀ nìyí níbi púpọ̀ láyé, ìdí rẹ̀ kò sì le: bí bàbá fúnra rẹ̀ bá gbé fóònù, wọn yóò fi igbe ọmọ gba ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ẹlòmíràn bá gbé fóònù, ó lè ní òun ń lọ bi wọ́n léèrè, ìṣẹ́jú yẹn sì ni ẹ̀mí. Ẹnì kan jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, àti ariwo ẹ̀yìn rẹ̀: àkùkọ, ẹ̀rọ ìlọta, ìpè àdúrà, omi. Àwọn ọ̀rọ̀ ìrántí wà lára ògiri níwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a fi lẹ́tà ńlá kọ wọ́n: MÁ BÍNÚ. BÈÈRÈ ỌMỌ. MÁ DÁ ỌJỌ́. Báńkì iná (power bank) méjì tó kún wà lórí tábìlì, nítorí NEPA. Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ yìí yẹ ọmọ ọdún 15 tó ń sọ ìtàn, ẹ sì má jẹ́ kí òǹkọ̀wé gbé e fún àgbàlagbà. Ọmọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí i pé ohùn náà mọ ohun tí kò yẹ kó mọ̀.

Ẹ̀rí pé ọmọ wà láàyè gbọ́dọ̀ wá kí ẹnikẹ́ni tó sọ iye. Kì í ṣe àwòrán, nítorí a lè ti yà á láná. Ìbéèrè ni, èyí tó jẹ́ pé ọmọ náà nìkan ló lè dáhùn rẹ̀. Yorùbá ní ohun tó dára jù fún èyí: ìlà oríkì tí ìyá àgbà máa ń fi jí i, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ wo bó ṣe tún bọ́ sí ọwọ́ òǹkọ̀wé: àǹtí tó ń di irun náà mọ ìlà oríkì yẹn. Bí ìdáhùn bá yára jù, tó sì wá láìsí ohùn ọmọ, ìyẹn nìkan tó láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ìyá.

Ní ti iye, kí ìdílé má ṣe fò. Bí wọ́n bá gòkè láti mílíọ̀nù kan sí méjì, sí mẹ́ta, ajínigbé yóò gbà pé àkàbà náà kò lópin. Ẹni tí àpò rẹ̀ ń gbẹ, ìgbésẹ̀ rẹ̀ máa ń kéré sí i: 1,200,000, lẹ́yìn náà 1,750,000, 2,050,000, 2,185,000. Àlékún tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀ ń fi hàn pé wọ́n ń tú ìsàlẹ̀ àpótí, wọ́n ta ẹ̀rọ amúnáwá, wọ́n yá ti ẹgbẹ́ àjọ. Ohun tó máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni kí ẹ̀gbọ́n bàbá kan yọ́ pè wọ́n láti Èkó pé òun á san mílíọ̀nù márùn-ún, tàbí kí ọ̀rọ̀ bọ́ sórí Facebook, kí ajínigbé ka iye ènìyàn tó ń dáwó. Ìṣòro mìíràn ni kí wọ́n san owó láìtíì sọ ibi àti ìgbà tí wọn yóò ti gba ọmọ. Ìbéèrè owó kejì ni yóò tẹ̀ lé e.

Níbi tí ọ̀dàlẹ̀ bá ti wà nínú yàrá, ajínigbé kò ní sọ̀kalẹ̀ kọjá iye tí ìdílé fi pamọ́ sí. Ohun tí ìdílé lè ṣe nígbà náà ni kí wọ́n sọ iye mẹ́ta fún ẹni mẹ́ta: 2,350,000 fún àbúrò ìyá, 2,600,000 fún ẹ̀gbọ́n bàbá, 2,150,000 fún alàgbà ìjọ. Alẹ́ ọjọ́ náà, ohùn ní òun mọ̀ pé 2,600,000 wà nílẹ̀. Òǹkọ̀wé tó yára yóò ní ó tán, ẹ̀gbọ́n bàbá ni. Kò tán. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà jáde nìyẹn fi hàn, kì í ṣe ẹni tó sọ ọ́: ẹ̀gbọ́n ti lè sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó fún àbúrò rẹ̀. Àwọn méjì tí ọwọ́ wọn mọ́ yóò sì mọ̀ lọ́jọ́ kan pé wọ́n dán àwọn wò bí olè. Ìtàn tó bá fo ọgbẹ́ yìí ti fo ohun tó dára jù nínú ara rẹ̀.

Owó ní ìwọ̀n. Bọ́ńdù kan owó 1,000 náírà jẹ́ 100,000. 50 mílíọ̀nù jẹ́ bọ́ńdù 500, ewé owó 50,000, kò sì ní jìnnà sí 50 kílò: àpò ìrẹsì ńlá kan. Ọmọbìnrin kan kò lè gbé e sínú báàgì ilé-ìwé kó máa sáré gba inú oko kòkó. Bí ìtàn bá wáyé ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà tí ènìyàn ń tò sí iwájú báǹkì láti òwúrọ̀, rírí mílíọ̀nù méjì ní owó ọwọ́ nìkan tó ìwé kan. Òfin náà wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní oṣù Kejì ọdún 2017 pé ẹ̀wọ̀n gbére ni ti ajínigbé, ikú sì ni bí ẹni tí wọ́n gbé bá kú lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2022, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin tó ní kí ẹni tó bá san owó ìtúsílẹ̀ lọ ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 15. Kí bàbá àti ìyá inú ìwé jiyàn lórí ìyẹn lóru. Òbí gidi ń jiyàn rẹ̀.

Ní inú igbó, kí ọmọ jẹ́ ọmọ. Kò mọ ìjà, kò lè já ìbọn gbà. Ohun tó lè ṣe ni kí ó ka ọjọ́, kí ó mọ ohùn yàtọ̀ sí ohùn, kí ó pín gààrí rẹ̀ sí méjì, kí ó máa bá èyí tó kéré jù sọ̀rọ̀. Lára àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n kó ní Chibok lálẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, 57 ló sá bọ́, àwọn kan nínú wọn bẹ́ láti orí ọkọ̀ ni. Aṣọ ológun ni àwọn tó wá kó wọn wọ̀, wọ́n ní ààbò làwọn bá wá. Ní Igbóńlá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà omi ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbà wọlé ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 tí wọ́n fi kó ọmọkùnrin mẹ́fà, ọjọ́ 28 oṣù Keje ni wọ́n sì tó rí wọn gbà. Oṣù méjì gígùn. Bàtà ilé-ìwé ti já. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, àìrómi mu, òtútù òru àti ìrìn jíjìn ni yóò gbé ìrora náà dìde, kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ fi ìrora náà sílẹ̀ títí di orí tó bá wù ú.

Ọ̀pọ̀ fẹ́ràn kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Orúkọ Stockholm ni wọ́n fi ń pè é, láti inú ìdigunjalè báǹkì kan ní ìlú Stockholm, ní Sweden, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973, níbi tí wọ́n ti há ẹni mẹ́rin mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn bá olórí ìjọba, Olof Palme, sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀rù tó sì sọ pé ó ń ba òun ni pé kí ọlọ́pàá má rọ́ wọlé kí àwọn sì kú. Ìṣírò ni, kì í ṣe ìsínwín. Ẹni tí omi rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, o ó wá ibi tó ti ṣeé bá sọ̀rọ̀. Bí òǹkọ̀wé bá kọ ọ́ báyìí, ọmọ tó bá ti là á kọjá kò ní tijú nígbà tó bá ń kà á.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgbàlà tó rọrùn. Ní Munich, ní Germany, ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972, agbésùmọ̀mí mẹ́jọ mú àwọn eléré-ìdárayá Ísírẹ́lì níbi ìdíje Olympics. Ọlọ́pàá gun òrùlé kí wọ́n lè yọ́ wọlé, tẹlifíṣọ̀n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, tẹlifíṣọ̀n sì wà nínú ilé tí agbésùmọ̀mí wà. Wọ́n ní láti sọ̀kalẹ̀. Lóru, ní pápá ọkọ̀ òfurufú, ayìnbọn márùn-ún péré ni wọ́n fi de ẹni mẹ́jọ, láìsí rédíò láàárín wọn. Ọmọ Ísírẹ́lì 11 ló kú nínú ọ̀ràn náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni ọlọ́pàá New York dá ẹ̀ka tí ń bá ajínigbé sọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ní Moscow, oṣù Kẹwàá ọdún 2002, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń kunni lóorun sínú gbọ̀ngàn eré kan tí agbésùmọ̀mí ti há èrò mọ́. Wọ́n ṣẹ́gun agbésùmọ̀mí, àmọ́ nǹkan bí 130 ìgbèkùn ló kú, ọ̀pọ̀ jù lọ nítorí afẹ́fẹ́ náà àti nítorí pé ìtọ́jú kò tètè kàn wọ́n. Sójà tó fọ́ ilẹ̀kùn kọ́ ni òpin ìtàn. Ta ló ní ọkọ̀ aláìsàn? Mélòó ló wà nílẹ̀? Ẹ bi òǹkọ̀wé yín.

Ohun kan wà tí kò yẹ kó péye: bọ́ǹbù. A lè rí ìbúgbàù, ariwo etí tí kò lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, eruku lórí aṣọ funfun. Ohun tí wọ́n pò pọ̀ àti bí wọ́n ṣe dì í kò ní ohun tó ń ṣe nínú ìwé ọmọdé. Ẹ pa á rẹ́.

Ní ti ọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kí gbọ́mọgbọ́mọ, ajínigbé àti agbésùmọ̀mí di ọ̀kan náà. Gbọ́mọgbọ́mọ ni èyí tí ìyá àgbà fi ń dẹ́rù ba ọmọ. Ohùn àgbàlagbà ló yẹ. Ajínigbé ń wá owó. Agbésùmọ̀mí ń wá ìbẹ̀rù gbogbo ìlú. Owó lè wà nínú rẹ̀ tàbí kó má sí. Àwọn tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022 kò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ yìí ló ń yí ìtàn padà: ẹni tó ń wá owó fẹ́ kí ọmọ wà láàyè di ọjọ́ tí owó yóò dé. Nígbà tí ọ̀dàlẹ̀ inú ilé bá wá mọ̀ pé kì í ṣe ajínigbé ni òun ta ọmọ fún, pé wọn kò tilẹ̀ fẹ́ gbà á padà fún owó, orí yẹn ni kí òǹkọ̀wé fi ọ̀sẹ̀ kan kọ.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá dé, ẹ béèrè fún orí méjì sí i, ó kéré tán. Ẹni tí ebi ti pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a kì í gbé iyán àti ẹran sí i níwájú lálẹ́ tó dé. Díẹ̀díẹ̀ ni, lójú dókítà, nítorí oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè ṣe é ní jàǹbá. Kò ní sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù tó bá dún yóò mú un fò. Àwọn ẹbí yóò fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọn yóò rán aṣọ, wọn yóò pe onílù. Àǹtí yóò wà níbẹ̀, yóò máa jó, yóò máa ná owó lé orí ọmọ náà, ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé sì ti ka ìwé àkọsílẹ̀ títí dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé kí ìwé náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ bi òǹkọ̀wé léèrè: lọ́jọ́ ìdúpẹ́ yẹn, nígbà tí àǹtí bu omi fún ọmọ náà, ṣé ó gbà á mu?

Àwa ni,
Àwa tí ọ̀rọ̀ ìwé Yorùbá fún ọ̀dọ́ ká lára